Ọrun Adákẹ́ tí Ìyá Alábọ́ Dá Iye Lé

Ọlọ́jà inú géèmù náà gbé ojú kúrò lára ẹni tó wá rajà, ó wo ẹ̀yìn ẹni náà, ó sì kí ìyá tó jókòó sórí àpótí.

"Ẹ kú ọjà o, ìyá."

"A dúpẹ́ o," ni Ìyá Alábọ́ wí, kó tó rántí pé inú tẹlifíṣọ̀n ni ẹni tó kí òun wà.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó di pádì géèmù mú bú sẹ́rìn-ín. "Màámi, ta lẹ ń dá lóhùn? Ọkùnrin yẹn ò kí yín o. Orúkọ àwọn ọrun tó ń tà ló ń kà."

Ìyá ò jiyàn. Ẹ̀rín yẹn ló gbọ́. Eyínfúnjowó ni wọ́n ń pe ọmọ náà láti kékeré, àmọ́ láti ìgbà tí baba rẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó rí eyín ọ̀hún mọ́. Géèmù tí baba fi sílẹ̀ nìkan ló ń dojú kọ láti àárọ̀. Baba ló kọ́kọ́ ń darí tafàtafà inú rẹ̀; ó bọ́ sí ọmọ lọ́wọ́ bí ẹni jogún oko. Ẹranko kan wà lórí òkè tí baba ò rí pa títí tó fi kú. Ọmọ ti búra pé òun á pa á. Ọrun abàmì kan péré ló sì lè rà láti fi lọ.

"Ọrun Iná nìyí, Màámi, ọfà rẹ̀ ń jó. Ọrun Yìnyín nìyẹn, ó ń mú kí ọ̀tá gan pa. Èyí tó wà lábẹ́, Ọrun Adákẹ́ ni, ọfà rẹ̀ kì í dún títí á fi wọ ẹran lára. Iná lèmi fẹ́. Ẹ wo bó ṣe ń dán!"

"O ò mọ ọjà rà. Ohun tó bá ń dán níwájú ìsọ̀, ó ti pẹ́ tó ti ń wá ẹni tó máa gbé e. Ṣebí o ní iná ni ẹranko yẹn ń pọ̀ lẹ́nu?"

"Iná ni."

"Iná lo wá fẹ́ gbé lọ fún un, bí ẹni ń bu omi lọ fún odò? Yìnyín ńkọ́? Á ti yọ́ kó tó débẹ̀. Mú èyí tó dákẹ́. Èló ni?"

"Wọn ò kọ iye sí i."

Ara ìyá yá gágá. Títa abọ́ tánganran àti ife ló fi tọ́ ọmọ lẹ́yìn ikú ọkọ, kò sì sí oníyẹ̀yẹ́ tó lè rẹ́ ẹ jẹ nídìí ọjà. Tí wọn ò bá dá iye, ohun tí kò wúlò fún ọ ni kí o kọ́kọ́ fi lọ̀ wọ́n. Ó nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n.

"Ọlọ́jà, ariwo ilé yìí ni mo máa san. Kó gbogbo rẹ̀. Ó ti sú mi."

Irọ́ kọ́, ariwo pọ̀ níbẹ̀. Yàrá iwájú ni ìsọ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé. Ilẹ̀kùn àárín ń han goooro, fìríìjì ń kùn, ẹ̀rọ omi ń kán. Nígbà ayé ọkọ rẹ̀, ó máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ilé àwọn ò nílò aago ìdájí, ohùn ìyàwó òun ti tó.

Ọlọ́jà mi orí. "Ẹ gbé e, ìyá."

Gbogbo ẹni tó ń nájà ló mọ̀ ọ́n: tí o bá dá iye àkọ́kọ́, tí wọ́n ní kí o gbé e, o ti san jù.

Ọmọ fi ọrun náà ta ọfà kan, ẹran igbó kan wó lulẹ̀. Nígbà tí ìyá dìde lọ síwájú, ilẹ̀kùn ṣí wẹ́rẹ́. Kò han. Ó rò pé ẹnì kan ti fi epo sí i ni.

Ọmọ tún ta òmíràn. Fìríìjì dákẹ́, bẹ́ẹ̀ omi inú rẹ̀ ṣì tutù. Lẹ́yìn náà, ìyá dúró ti ẹ̀rọ omi, ó ń wo ẹ̀kán omi tó ń já sínú bàsíà, tó ń fọ́n ká, tí kò sì dún. Ó ki ìka bọ etí, ó mì í. Etí ò ṣe nǹkan kan. Ó ń gbọ́ ọkọ̀ lójú títì. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín ọmọ rẹ̀.

Ìyàwó bíríkìlà wá ra ife. Èékánná ni Ìyá Alábọ́ fi ń dán ife wò: èyí tó bá dára á dún gbinrin, èyí tó bá sán á dún pọ̀ọ́. Ó kan èyí, kò dún. Ó kan ìkejì.

"Ìyá, ẹ ń kan ife bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́nì kankan."

"Gbé e lọ. Ó dáa."

Kò dáa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, obìnrin náà ti kó àfọ́kù dé. "Ojú àlejò ló là sí méjì o!"

Ìyá nawọ́ sí ohun tí wọ́n kọ sára ògiri: Ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà.

"Kò burú," ni obìnrin náà wí, ó pòṣé, ó lọ.

Ìgbà náà ni nǹkan dún gbinrin ní yàrá ẹ̀yìn. Ìyá sáré wọlé. Inú tẹlifíṣọ̀n ni. Ọlọ́jà jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀, ó ń fi èékánná kan ife. Lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn kan ń han goooro.

"Gba ọrun rẹ padà," ni ìyá wí jẹ́jẹ́.

"Ìyá," ni ọkùnrin náà fèsì, "ṣé ẹ̀yin máa ń gbà á padà?"

"Màámi, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ ná! Mo ń padà sórí òkè báyìí." Òkè gba ojú tẹlifíṣọ̀n, ẹranko sì dìde. "Baba mi ò bá a dé ibi tí mo bá a dé yìí rí! Ọfà kan sí i, ó kú!"

Ìyá fi ẹsẹ̀ kilẹ̀. Kò dún. Ó ti àga. Kò dún. Kí ló wá ṣẹ́ kù nílé tí wọn ò tíì gbà? Ó wo eyín ọmọ rẹ̀ tó funfun báláú. Ẹ̀rín ni.

"Má ta..."

Ọmọ ti tẹ pádì. Ẹranko ṣubú. Eyínfúnjowó fò sókè, ó kígbe, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín náà dún ketekete. Ìyá wó jókòó sórí àpótí, ó la ẹnu láti dúpẹ́.

Kò sí ohùn.

Ó ka gbogbo ariwo ilé náà tán, ó gbàgbé láti ka ara rẹ̀ mọ́ ọn.

Láti ìsọ̀ inú tẹlifíṣọ̀n, ohùn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í polówó: "Ẹ wọlé o, ẹ wá wo ojúlówó! Èyí tó ń dún gbinrin ni tèmi!"

"Màámi, ẹ gbọ́! Ohùn yín gẹ́lẹ́ ni! Àbí ẹ ò gbọ́ ni?" Ọmọ ò yíjú. "Ẹ wò ó, ọfà kan ṣì kù nínú apó. Ẹ jẹ́ kí n tún ta á, kí ẹ rí bó ṣe máa ń dákẹ́."

Ìyá ti dìde, ó ń sáré bọ̀, bàtà rẹ̀ ò dún nílẹ̀. Ọmọ ò mọ̀ pé ẹnì kankan ń bọ̀. Bó ṣe ń fa ọsán ọrun náà, ẹ̀rín ló ń rín.