Wọ́n Yan Ọjọ́ fún Ọmọ

Wọ́n ti so àgbò mọ́lẹ̀ lágbàlá Tàófíìkì ní Sabon Gari, nílẹ̀ Haúsá. Ọṣẹ ló ń tà ní ọjà Singer. Ó ti gba àyè sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì Ọ̀fà, kó lè gbé àkọ́bí rẹ̀ lọ fi han ìyá rẹ̀ nígbà Iléyá.

Ṣùgbọ́n oyún Bushrat, ìyàwó rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ márùndínlógójì ni, Iléyá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n kúkú fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ náà jáde,” ni Bushrat wí. “Ẹ̀rù ìrọbí ń bà mí.”

Nọ́ọ̀sì Fàtíyà, tó ń tọ́jú aláboyún ní àdúgbò, mi orí.

“Haba, Malam! Ṣé búrẹ́dì ni, tí ẹ fẹ́ yọ ọ́ nígbà tó wù yín? Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ò tíì gbó. Tí kò bá sí àìsàn, a kì í fi abẹ gbé ọmọ kí ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínlógójì tó pé. Bushrat, àbúrò mi, ìrora ìrọbí ṣeé dín kù. Abẹ náà ní ewu tiẹ̀. Tí o bá lóyún mìíràn lọ́jọ́ iwájú, ibi ọmọ lè lẹ̀ mọ́ ojú àpá, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà.”

“Obìnrin yìí ò fẹ́ kí n délé ni,” ni Tàófíìkì ń kùn lọ.

Ó fi káàdì oyún pamọ́ sísàlẹ̀ àpótí, ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn.

“Káàdì dà?” ni dókítà bi wọ́n.

“Ó sọnù, Dókítà,” ni Tàófíìkì dáhùn. “ Oyún ti pé ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínlógójì.”

Bushrat wolẹ̀.

Dókítà gbà á gbọ́, wọ́n sì fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọkùnrin jáde. Kò ké, ó ń kérora ni. Gbogbo èémí tó ń mí ló ń fa àyà rẹ̀ wọnú. Wọ́n fi ẹ̀rọ atẹ́gùn sí i nímú. Lọ́jọ́ kẹta, ó dákẹ́.

Bọ́ọ̀sì Ọ̀fà lọ láìsí wọn. Ọmú Bushrat kún, kò sẹ́ni tí yóò mu ún. Ojú abẹ ń dùn ún. Àgbò sì ń ké lágbàlá.

“Ẹ mú ẹran yẹn kúrò níbẹ̀,” ni Bushrat wí.

Tàófíìkì yọ káàdì náà jáde, ó jókòó tì í. Ọ̀sẹ̀ márùndínlógójì ni Fàtíyà kọ síbẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, iṣẹ́ abẹ kì í ṣe ọ̀tá. Bí dókítà bá ní dandan ni, ẹ má kọ̀ ọ́, ẹ̀mí ló ń gbà là. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ọdún tàbí ìbẹ̀rù yan ọjọ́ fún ọmọ. Ẹ bèèrè ewu tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó gbà. Ẹ má fi káàdì pamọ́, ẹ má sì purọ́ nípa iye ọ̀sẹ̀ oyún. Iléyá mìíràn ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ Bushrat kò ní bá a padà wá.