Òkúta Nínú Ìrẹsì Olúwa

Ìwọ tí wọ́n fún ní ìwé yìí lójú ọ̀nà, tí o sì fẹ́ rún un mọ́ àpò kí o lè ráàyè kọjá, dúró ná. Ìtàn ọkùnrin kan tó rò pé òun gbọ́n ju Ọlọ́run lọ ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Bí o bá kà á tán tí o kò rí ara rẹ níbẹ̀, jù ú nù.

Pu Chawnga ni orúkọ rẹ̀; Pu la fi ń pe àgbà ọkùnrin lọ́dọ̀ wa, Pi la fi ń pe obìnrin. Oníṣòwò ìrẹsì ni ní abúlé Saitlang, lórí àwọn òkè Mizoram ní ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí gbogbo wa ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹni tí kò bá lọ yóò sì wá àlàyé ṣe. Ìjókòó iwájú ni tirẹ̀. Bí a bá ń kọrin, ohùn rẹ̀ ló máa ń ga jù. Bí a bá ń gbàdúrà, á sunkún ju ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lọ. Omijé kò kúkú wọ́n, kì í ṣe ìrẹsì.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, obìnrin tó bá fẹ́ dáná yóò kọ́kọ́ bu ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì kan sínú agolo fún iṣẹ́ Olúwa, kó tó da ìyókù sínú ìkòkò. Lópin ọ̀sẹ̀, àwọn obìnrin ìjọ á gbé àpò kiri láti ojúlé dé ojúlé, wọn á kó o jọ. Olówó ń bù, tálákà ń bù. Ẹ̀kúnwọ́ yìí ló kọ́ ilé ìjọsìn wa, òun náà ló sì ń bọ́ àwọn oníwàásù tí a rán lọ síbi tí ọkọ̀ kò dé.

Ní ilé Pu Chawnga, ọkọ ti gba agolo náà lọ́wọ́ ìyàwó. Pàǹtí tí wọ́n bá gbá jọ nínú sítọ́ọ̀ ló fi ń kún un: ìrẹsì wẹ́wẹ́ tó dà sílẹ̀, èyí tí kòkòrò ti jẹ, tòun ti òkúta. Lẹ́yìn náà ni yóò wá da ẹ̀kúnwọ́ kan tó funfun lé e lórí, kí ojú má baà rí ìsàlẹ̀.

"Bàbá Rini, ẹ jọ̀ọ́," ni Pi Thangi ìyàwó rẹ̀ máa ń wí. Rini ni ọmọ wọn tó ti wà nílé ọkọ. "Ọlọ́run la fẹ́ fún o."

"Ọlọ́run ní eyín ni? Oríṣiríṣi ìrẹsì ni wọ́n ń dà pọ̀. Ta ló máa mọ ti ta?"

Ẹ ò rí ọlọ́gbọ́n! Ọkùnrin tó ń rẹ́ Ẹlẹ́dàá rẹ̀ jẹ pẹ̀lú agolo.

Nígbà tó yá, Kòrónà dé. Ìjọba ní kónílé-ó-gbélé. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n fi ọparun dínà lẹ́nu ibodè, wọ́n ń bu omi ọṣẹ fún èèyàn, wọ́n ń wo bí ara ṣe gbóná sí. Ẹni tó bá ti ìrìn àjò dé, ilé ẹ̀kọ́ ni yóò kọ́kọ́ lọ gbé lọ́tọ̀, títí wọn yóò fi mọ̀ pé kò kó àrùn wálé. Bí ọ̀rọ̀ kan bá kan gbogbo ìlú, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó wà lórí òpó ni wọ́n fi ń kéde rẹ̀, kò sì sí ilé tí kì í gbọ́.

Ara ń ni wá. Atalẹ̀ jẹrà mọ́ ilẹ̀ nítorí pé ọkọ̀ kò wá kó o mọ́. Àwọn ahunṣọ ń hun, wọn kò rí ẹni rà. Pu Rema tó ń fi ọkọ̀ kérò, ọ̀rẹ́ Pu Chawnga láti kékeré, gbé ọkọ̀ rẹ̀ sábẹ́ igi títí adìyẹ fi ń yé síbẹ̀. Kì í ṣe ikú nìkan là ń bẹ̀rù, ohun tí a ó fi sẹ́nu pàápàá ti di àdúrà.

Inú ẹnì kan ṣoṣo ló ń dùn. Pu Chawnga ti sítọ́ọ̀ rẹ̀ pa, ó ní ìrẹsì ti tán. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lẹ́yìnkùlé ní iye tó bá wù ú. Bí opó bá sunkún lórí iye tó pè é, á rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, èmi kọ́ ni mo ránṣẹ́ pe Kòrónà. Ẹ lọ bá a ṣẹjọ́."

Pu Rema lọ bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Chawnga, tó o bá kú, ṣé inú àpò ìrẹsì la máa di ẹ́ sí ni?"

"Adìyẹ ń yé sínú ọkọ̀ ẹ, o wá ń kọ́ mi lọ́gbọ́n. Lọ kó ẹyin ẹ."

"Mò ń bá ẹ sọ òótọ́. O máa jíhìn fún Jésù. Yí padà."

"Jésù mọ̀ mí dáadáa. Ṣé ẹ̀yìn ni mò ń jókòó sí ni?"

Nígbà tí wọ́n gba àwọn ọkọ̀ akẹ́rù láyè díẹ̀, ojúkòkòrò gbé e dìde. Ó wọ lọ́rì lọ sí Silchar, ní ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀, níbi tí àrùn náà ti ń pa èèyàn, ó lọ ra ìrẹsì sí i. Nígbà tó ń bọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé ibodè, ó sì gba ọ̀nà oko wọlé. Ó ní ẹni bíi tòun kọ́ ló yẹ kó máa sùn sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ iléèwé. Àwọn ọ̀dọ́ bi awakọ̀ bóyá ẹnì kan bá a wá, awakọ̀ ní rárá.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Pi Thangi ń bu omi gbígbóná fún un, ó ń fi òróró pa á láyà. Ara ọkọ yá. Ìyàwó ló wá dùbúlẹ̀.

"Bàbá Rini, ẹ bá mi pe nọ́ọ̀sì. Mi ò lè mí dáadáa."

"Kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ọ̀nà oko ni mo gbà? Sinmi, ó máa lọ."

Kò lọ. Pi Kungi, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ìjọ tó ń gba ìrẹsì kiri, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò rẹ̀, ó sì gbọ́ bí Pi Thangi ṣe ń mí helehele nínú ilé. Òun ló pariwo tí àwọn elétò ìlera fi dé. Wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nílùú ńlá. Wọ́n mú ọkọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde pé àrùn ti wọ̀lú, kí oníkálukú padà sínú ilé, kí ẹnikẹ́ni má lọ sóko mọ́. Wọn kò dárúkọ ẹni tó gbé e wọlé, ta ni kò mọ̀? Àwọn tó ti ń gbèrò láti lọ gbin nǹkan tún jókòó ti ebi nítorí ìjẹkújẹ ẹnì kan.

Lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ iléèwé, Pu Chawnga kọ oúnjẹ. Ó ní òun kò jẹ oúnjẹ ìtọrẹ. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tó ṣí abọ́, ó rí ìrẹsì funfun, ó rí pupa, tẹ́ẹ́rẹ́ àti kíki pọ̀ nínú abọ́ kan, pẹ̀lú ewébẹ̀ bíbọ̀. Oníṣòwò ni, ojú kan ló fi mọ̀ ọ́n. Ìrẹsì ẹ̀kúnwọ́ ni. Ìjọ ti yọ̀ǹda rẹ̀ kí wọ́n fi bọ́ àwọn tó wà ní ìyàsọ́tọ̀.

Ó ń jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó ń ṣọ́ eyín rẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣọ́. Kò rí òkúta kankan. Lọ́jọ́ kejì náà, kò rí.

"Rema," ó pè é láti ojú fèrèsé nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé oúnjẹ dé, "ìrẹsì yìí, ṣé wọ́n ṣà á ni?"

Pu Rema rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbòmú rẹ̀. "Ò ń wá òkúta ẹ? Ó ti tán, ọ̀gá. Pi Kungi àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ṣà á."

"Òkúta mi báwo?"

"Má sọ mí dọ̀dẹ̀, Chawnga. Ta ló tún ní sítọ́ọ̀ tí wọ́n ń gbá nílùú yìí? Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀. Wọn á da ti ilé yín sórí atẹ lọ́tọ̀, wọn á ṣà á, wọn á gbàdúrà fún ẹ, wọn á wá dà á pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù."

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀?"

"Ìyàwó ẹ ló bẹ̀ wọ́n. Ó ń hun aṣọ, ó ń fi owó ẹ̀ ra ìrẹsì tó dáa, ó ń gbé e wá fún wọn lábẹ́ ìborùn. Ó ní kí wọ́n má dójú tì ẹ́. Ó ní o máa yí padà lọ́jọ́ kan, àti pé etí òun báyìí lòun fẹ́ fi gbọ́ ọ."

Pu Chawnga jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo ọdún tó ti ń sunkún níjòókòó iwájú, àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ ohun tó wà nínú agolo rẹ̀. Bí àwọn tó ń fi ìka ṣa òkúta bá mọ̀, kí ni Ẹni tó dá ojú kò mọ̀? Ìtìjú bò ó, ẹ̀rù sì bà á.

"Gbogbo ìrẹsì tó wà nínú sítọ́ọ̀, màá fún Ọlọ́run," ló wí. "Kó sáà dárí jì mí. Kó jẹ́ kí Thangi yè é."

"O tún ti ń bá a nájà. Chawnga, kí lo ní tí kò sí òkúta nínú ẹ̀? Jésù ò ní kó o kọ́kọ́ ṣa ara ẹ mọ́ kó tó gbà ẹ́. Ó ti kú nítorí ẹ, tìwọ tòkúta ẹ. Sọ fún un pé olè ni ẹ́. Sọ pé kó gbà ẹ́."

Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Kò fi ohùn ìjókòó iwájú gbàdúrà. Ohun tí Pu Rema gbọ́ láti ìta kò ju pé, "Olúwa, olè ni mí. Gbà mí."

Nígbà tó dìde, ohun àkọ́kọ́ tó wá sí i lọ́kàn ni ìyàwó rẹ̀. Ó tẹ ilé ìwòsàn láago. Nọ́ọ̀sì ní Pi Thangi ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi, kó pè padà lọ́sàn-án.

Ó wá bẹ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun bá ìlú sọ̀rọ̀. Akéde gbé fóònù sí ẹnu ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Gbogbo Saitlang gbọ́ ọ nínú ilé wọn: òkúta, sítọ́ọ̀ ẹ̀yìnkùlé, ọ̀nà oko, ìyàwó tí òun ní kó sinmi nígbà tó ń tọrọ èémí. Kò fi ẹyọ kan pamọ́. Ó ní òun ti fi kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ lé Rema lọ́wọ́, kí wọ́n pín ìrẹsì náà láti ojúlé dé ojúlé, kí ẹnikẹ́ni má san nǹkan kan.

Nígbà tó pe ilé ìwòsàn lọ́sàn-án, Pi Thangi ti kú. Àárọ̀ yẹn ló kú, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń bá ìlú sọ̀rọ̀.

Àwa tí a máa ń kún ilé ọ̀fọ̀ fọ́fọ́, tí a máa ń jókòó ti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, tí a máa ń kọrin títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò sí ẹni tó lè lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn elétò ìlera aláṣọ ọ̀rá ló sin Pi Thangi nílùú ńlá lọ́hùn-ún. Ìrọ̀lẹ́ ni Pi Kungi jáde sí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, ó kọjú sí ilé ẹ̀kọ́, ó sì dá orin. Ilé kejì gbè é, ilé kẹta gbè é, títí orin fi gba gbogbo òkè. Orin náà kò tọ́ sí Pu Chawnga. A kọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀ náà, nítorí pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí oore-ọ̀fẹ́ tọ́ sí.

Pu Chawnga ṣì wà láàyè. Ó ní Jésù ti dárí ji òun, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá bá a sọ̀rọ̀ pẹ́, yóò sọ ohun kan fún ọ: "Gbogbo ìlú ló gbọ́ ọ. Thangi ò gbọ́."

Ìwọ tí ò ń fi í rẹ́rìn-ín látìgbà tí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé yìí, ọwọ́ wo lo fi ń bu tìrẹ? Orin ẹnu rẹ, àǹfààní tí ò ń fi ìnira aládùúgbò jẹ, irọ́ tí o da ìrẹsì funfun lé lórí, ta ni o rò pé kò mọ̀? O ní o máa yí padà nígbà tí nǹkan bá rọ̀ díẹ̀. Òmùgọ̀ ni ìwọ náà. Jésù kò rẹ̀wẹ̀sì láti gbà ọ́, ìwọ ni o kò mọ ẹni tí kò ní dúró dè ọ́.

Ké pè é níbi tí o wà yìí. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan wà tó ti ń gbàdúrà fún ọ tipẹ́. O mọ̀ ọ́n. Dìde, lọ sọ fún un lónìí, nígbà tó ṣì ń gbọ́.