Ayò Tí Wọ́n Ta Ọ̀mì

Ọpọ́n ayò ni ọkùnrin kan gbá mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, tó ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín àwọn àpáta ìlú Ìdáàṣà. Euphrasie, ọmọbìnrin tí ọkùnrin kan kò tíì borí nídìí ayò, rí i, ọkàn rẹ̀ yẹ̀.

Désiré ni, aránṣọ láti Soclogbo, ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta jù nínú ẹgbẹ́ aláyò ibẹ̀.

"Wọ́n ní o máa ń pọ́n àwọn ọkùnrin lójú nídìí ayò," ó wí fún un.

"Àwọn òpè nìkan ni," Euphrasie fèsì.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ ọjà tí Désiré kì í wá. Ìfẹ́ wọlé. Ṣùgbọ́n Ignace, bàbá Euphrasie, ti búra lójú gbogbo ìjọ pé ẹni tí kò bá borí ọmọ òun nídìí ayò kò gbọdọ̀ tọrọ rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta ti fi ìtìjú lọ sílé.

Ìdíje ayò ọdún 1964 wá kò wọ́n lójú lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú.

"Olólùfẹ́, má mọ̀ọ́mọ̀ fún mi jẹ o," Désiré rọra wí.

"Ta ló fẹ́ fún ọ? Jókòó, òpè!"

Bí Euphrasie bá borí, ó pàdánù Désiré; bó bá mọ̀ọ́mọ̀ fìdí rẹmi, kò ní lè wo ojú ara rẹ̀ mọ́. Ó pinnu láti ta á tagbáratagbára.

Euphrasie jẹ mẹ́rìnlélógún, Désiré jẹ ogún. Mẹ́rin ló kù lọ́pọ́n. Désiré ta ọ̀kan, ó fi jẹ mẹ́ta; ọ̀kan tó kù, ilé rẹ̀ ló wà, ó sì di tirẹ̀. Mẹ́rìnlélógún sí mẹ́rìnlélógún. Ọ̀mì!

"Kò borí rẹ," Ignace wí. Ẹyin lohùn, kò sì mọ bí yóò ṣe ṣà á.

Euphrasie dìde. "Bàbá, èmi náà ò borí rẹ̀. Ta ló bá mi ta ọ̀mì rí? Ẹgbẹ́ mi ni mo fẹ́, mi ò wá ọ̀gá."

Ignace tẹjú mọ́ ọmọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi já bọ́. "Mo gbàgbé ọ̀mì nígbà tí mò ń búra! Orí mi wú, ọmọ mi. Kí àwọn ẹbí rẹ̀ máa bọ̀."

Euphrasie gba ọpọ́n lọ́wọ́ Désiré, ó da gbogbo ọmọ ayò sí àpò Désiré.

"Ọpọ́n mi ńkọ́?"

"Ó dọwọ́ mi. Ìwọ àti àwọn ẹbí rẹ ni kẹ́ ẹ kó ọmọ ayò rẹ̀ bọ̀ nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ wá tọrọ mi."

Ìkórè iṣu ọdún náà kò tíì parí tí Désiré àti àwọn ẹbí rẹ̀ fi kó ọmọ ayò náà dé.