Ẹni Tó Ń Ṣí Fèrèsé

Hajarah, ọmọ ọdún mẹ́fà, jẹ ìrẹsì lálẹ́, ó sì ní kí wọ́n bu sí i. Kí oòrùn tó yọ, àyà rẹ̀ ń dún fíì-fíì, ojú rẹ̀ yí, ó sì kú. Fasilat ìyá rẹ̀ ò mọ ohun tó pa á, àmọ́ ẹnu ayé kì í dákẹ́.

Yàrá kan ṣoṣo ni òun, Kamil ọkọ rẹ̀, ìyá Kamil àti àwọn ọmọ méjì ń gbé ní àdúgbò Marshalltown nílẹ̀ òkèèrè, nínú ọ́fíìsì àtijọ́ kan tí wọ́n fi pákó pín. Ògiri rẹ̀ ń sun omi, ó ti bu. Agbára wọn ò ká ibòmíì.

Ìyá Lọ́lá, tí pákó kan pààlà òun pẹ̀lú wọn, ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀.

“Eish, Ìyá Hajarah! Ẹ ò gbọ́ ẹyẹ hadídà tó ń ké lórí òrùlé ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ẹ ṣọ́ ìyá ọkọ yín o.”

Fasilat fi ọ̀rá kan fèrèsé pa kí ẹyẹ má bàa wọlé. Ó ń sun tùràrí ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Kò pẹ́ tí Mọ́níkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rin tó ṣẹ́kù, náà bẹ̀rẹ̀ ikọ́.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, igbe hadídà jí Fasilat. Ó rí ìyá ọkọ rẹ̀ nídìí fèrèsé, ó ti ya ọ̀rá náà.

“Màmá! Ta lẹ ń ṣí i fún?”

“Ọmọ yìí ò rí èémí mí.”

“Ṣé Hajarah nìkan ò tó yín ni?”

Kamil wo ìyá rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó fi Màmá sínú taxi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Randburg. Arúgbó náà ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó ń sunkún lọ.

Fasilat kan fèrèsé náà padà. Lọ́jọ́ kẹta, àyà Mọ́níkẹ́ há. Wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sí kílíníìkì, Dókítà Akínwálé sì fi ìbomú oògùn sí i títí ó fi mí. Ó wá bi wọ́n léèrè bí ilé wọn ṣe rí.

“Ikọ́ fée ni,” ló wí. “Ògiri tútù, èéfín sítóòfù kẹrosíìnì, tùràrí, nínú yàrá tí ò sí afẹ́fẹ́. Ẹ kó kúrò níbẹ̀.”

“Dókítà, ibo la fẹ́ kó lọ?”

“Ẹ máa ṣí fèrèsé nígbà náà.”

Fasilat jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe Màmá lórí fóònù.

“Ṣé Mọ́níkẹ́ ti ń mí?” ni Màmá kọ́kọ́ bèèrè.

“Ó ń mí, Màmá. Ẹ foríjì mí.” Ó bú sẹ́kún. “Alẹ́ tí Hajarah máa kú, ẹ ṣí fèrèsé. Èmi ni mo ní kí ẹ tì í, pé òtútù ń mú wa.”

“Mo mọ̀, ọmọ mi. Mo ní kí wọ́n kúkú máa pè mí lájẹ̀ẹ́ ju kí ìwọ gbọ́ pé fèrèsé tí o ní kí n tì ló pa á lọ.”