Kéèkì Tó Ń Kànkùn

Ẹ má wò mí bí ẹni ń wo òpùrọ́. Mo mọ̀ pé aláwàdà ni mí, ṣùgbọ́n tòní yìí, òótọ́ pọ́nbélé ni. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó ṣáà sún kúrò nídìí ilẹ̀kùn.

Obìnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Oníkéèkì. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ọmọ ọ̀hún sì fẹ́ lọ ilé ọkọ. Ìyá ọkọ, tí ẹnu ẹ̀ mú ju abẹ lọ, bá fi èso kan ránṣẹ́. Èso náà tóbi tó orí ọmọdé, àwọ̀ ẹ̀ rí bí ewé tútù, ẹ̀gún sì bò ó. Wọ́n ní erékùṣù kan tí oòrùn ti ń mú janjan ni wọ́n ti gbé e wá.

Iṣẹ́ tó fi rán wọn nìyí: "Bí àna mi bá mọ kéèkì í ṣe lóòótọ́, kó fi èyí ṣe é. Dírẹ́bà mi á wá gbé e nírọ̀lẹ́. Bí kò bá dùn, a ó tún ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yìí sọ."

Inú bí Ìyá Oníkéèkì. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tó bí obìnrin ń bá àna jà? Ó la èso náà. Inú ẹ̀ funfun, ó rọ̀ bí òwú tómi rin. Kóró ẹ̀ dúdú, ó ń dán bí ẹyinjú. Ó yọ gbogbo kóró náà, ó dà á sínú ike ìdọ̀tí, ó dé e pa.

Nígbà tó fi inú èso náà po kéèkì tán, ó ṣe bó ṣe máa ń ṣe kí afẹ́fẹ́ lè jáde nínú ẹ̀: ó gbé páànù sókè díẹ̀, ó fi gbá tábìlì.

Kó. Kó. Kó.

Ó gbé e sínú ófùn. Òjò ṣú. Ilé dákẹ́.

Kó. Kó. Kó.

"Ta nìyẹn?"

Ó ṣílẹ̀kùn. Kò séèyàn. Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin jókòó sí pálọ̀, ó ń lá ṣíbí tí wọ́n fi po kéèkì.

"Alájẹkì, ṣé ìwọ lò ń kànkùn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣíbí ló wà lẹ́nu mi. Ṣé ahọ́n ni mo fi ń kàn án?"

Kó. Kó. Kó.

"Ẹ gbà mí o! Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi!" Ó tún ṣílẹ̀kùn. Atẹ́gùn lásán.

Àbúrò ẹ̀ ò lá ṣíbí mọ́. "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ilẹ̀kùn yẹn."

"Èwo wá ni?"

Ó na ṣíbí sí ọ̀nà ófùn.

Ìyá Oníkéèkì pòṣé. "Mi ò ráyè ìranù lónìí." Ó fa ófùn ṣí. Ìró náà dákẹ́. Atẹ́gùn tó fẹ́ jáde tutù nini. Kéèkì sì ti wú, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kò sán níbì kankan.

"Ẹ má gbé e fún wọn o."

"Kí n wá sọ kí ni fún àna mi? Pé kéèkì ń kànkùn?"

Dírẹ́bà dé, ó gbé e lọ.

Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí fóònù dún.

"Àna mi! Kéèkì yìí dùn dénú egungun! Ìyàwó wa ti wọlé!"

Ìyá Oníkéèkì mí kanlẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ọkùnrin tẹ́ ẹ ní kó tẹ̀lé dírẹ́bà yẹn ńkọ́?"

"Ọkùnrin wo? Mi ò rán ẹnì kankan."

"Èyí tó ń kànkùn látìgbà tá a ti gé kéèkì. A ní kó wọlé, ó kọ̀. Ó ní ọ̀dọ̀ yín lòun ń lọ. Ó ní ẹ dé àwọn ọmọ òun mọ́bì kan."

Fóònù kú.

Nínú ike ìdọ̀tí, àwọn ohun kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ìdérí. Wọ́n pọ̀. Kó-kó-kó-kó-kó.

Ilẹ̀kùn ìta náà dáhùn. Kó. Kó. Kó.

Àbúrò ẹ̀ yọ ṣíbí lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó rọra sọ, "èwo la máa kọ́kọ́ ṣí?"