Ohùn Tó Mọ́ ní Ayé Pupa

Ọkọ̀ òfúrufú tó ń kó ọkà bọ̀ láti ilé ayé ṣìnà nígbà tó kù díẹ̀ kó gúnlẹ̀ sí Òkè-Ìrọ̀rùn, ìlú àwa Yorùbá ní Ayé Pupa, ó sì forí sọ àpáta. Kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ ọdún kan dànù sínú erùpẹ̀. Àwọn tó ń darí rẹ̀ ní ariwo kan ló bo ohùn atọ́nà mọ́lẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú wá ní kí Mọ́radéún, onímọ̀ ìgbì-ohùn, lọ wá ibi tí ariwo náà ti ń wá.

Gbogbo ẹ̀rọ afọ̀ránṣẹ́ ló ní ojúlé tirẹ̀ nínú òfúrufú. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣe déédéé, ohùn rẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀. Bó bá dàrú, ohùn náà á yọ ẹ̀ka, ẹ̀ka á sì wọ ilé onílé. Awò-ìgbì tí Mọ́radéún gbé dání ló ń fi irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ hàn lójú gíláàsì, bí ìgbà tí koríko bá hù.

Ilé Bàbá Adégòróyè ló kọ́kọ́ yà sí. Ìfẹ́ rédíò ló mú bàbá yìí kan ẹ̀rọ tirẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba. Láràárọ̀ ló ń bá àwọn awayìnyín sọ̀rọ̀, àwọn mẹ́sàn-án tó ń wa omi dídì fún ìlú nínú ihò kan ní àríwá, níbi tí rédíò ìjọba kò dé.

Mọ́radéún so wáyà mọ́ ẹ̀rọ náà, ó fi ohùn méjì ránṣẹ́ láti inú rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀ka hù káàkiri gíláàsì.

"Ẹ̀rọ yín ti dàrú, Bàbá. Mo máa gbé e lọ."

"Ta ló máa wá gbọ́ àwọn ará àríwá?"

"Ìgbìmọ̀ á wá nǹkan ṣe sí i."

"Nígbà wo?" Bàbá na ọwọ́ sí àríwá. "Ọmọ mi, ọkà ló dànù. Ènìyàn ló wà ní àríwá."

"Ọkọ̀ mìíràn tó ń bọ̀ láti ilé ayé, ènìyàn ló kún inú rẹ̀, sà."

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Bàbá fi tú wáyà, Mọ́radéún sì gbé ẹ̀rọ náà lọ.

Ariwo náà kò lọ. Ọkọ̀ èrò dé, kò rí ọ̀nà gúnlẹ̀, ó ń yí ká lójú ọ̀run. Mọ́radéún wọn ẹ̀rọ ìjọba fúnra rẹ̀, ó sì rí ẹ̀ka kan náà, níbi kan náà. Ó mú adínkù, ohun kékeré tó ń bu agbára ohùn kù, ó fi sí àárín ẹ̀rọ àti awò. Ẹ̀ka pa rẹ́. Ohùn tó lágbára jù ló ti ń da awò náà rú. Awò fúnra rẹ̀ ló ń hu ẹ̀ka tí kò sí; ẹ̀rọ Bàbá kò dàrú rárá. Lára ẹ̀rọ iná ibùdókọ̀ ni wọ́n ti padà bá ariwo gidi. Wọ́n pa á, ọkọ̀ èrò sì gúnlẹ̀.

Mọ́radéún gbé ẹ̀rọ bàbá padà fún un. Bàbá pe àríwá títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹnì kankan kò jẹ́ ẹ.

Àwọn tí ìlú rán lọ bá wọn nínú ihò. Ẹ̀rọ atẹ́gùn wọn ló bàjẹ́. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti kú níbi tí wọ́n jókòó yí rédíò ká. Wọ́n ti fi okùn so bọ́tìnì ìsọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà ta padà.

Ìgbìmọ̀ ní kí Mọ́radéún wọn rédíò náà wò, bóyá òun ló kùnà. Ó fi adínkù sí i. Ó wọ̀n ọ́n.

Ó bá Bàbá Adégòróyè lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀.

"Báwo ni ohùn wọn?"

"Ó mọ́, sà. Kò ní ẹ̀ka kankan. Ẹ̀ bá gbọ́ wọn."

Bàbá mi orí. Ó bi í bóyá ó ti jẹun. Mọ́radéún ní òun kò rántí.