Ẹ Ká Rọ́bà Kí Ẹṣin Tó Wọ Tírélà Màlúù

Gbogbo àdúgbò ló mọ ìgbà tí Afínjú bá ń fọ tírélà rẹ̀. Etí títì gan-an ló máa ń gbé e sí, kí èrò lè rí i. Tírélà màlúù ni, irú èyí tí ọkọ̀ máa ń fà lẹ́yìn. Àlòkù ló rà lọ́wọ́ alápatà. Ó kùn ún ní funfun, ó kọ ìnagijẹ rẹ̀ sí i lára, ó sì tẹ́ rọ́bà dúdú tó nípọn sínú rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń da omi sí i. Ẹni tó bá kọjá láì kí i kú iṣẹ́ di ọ̀tá rẹ̀ títí di ọ̀sán.

Nígbà tí ọjọ́ eré ẹṣin pé, tírélà yìí ló fẹ́ fi gbé Ẹ̀fúùfù lọ, abo ẹṣin kan ṣoṣo tí òun àti ìyàwó rẹ̀ tọ́ láti kékeré. Ìyàwó ló máa gùn ún nínú eré ọ̀sán ọjọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n Afínjú obìnrin, tó jẹ́ dókítà ẹran, yà wá kí wọn láàárọ̀. Ó yí tírélà po, ó yìn ín, orí àbúrò rẹ̀ sì wú. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n ká rọ́bà.

Afínjú ṣàlàyé pé rọ́bà náà ti jókòó dáadáa, pé bí wọ́n bá ká a, kò ní tẹ́jú mọ́. Ó ní ṣebí màlúù tó wúwo ju ẹṣin lọ ti wọ̀ ọ́ rí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo bó ṣe ń dán.”

“Mo rí i. Ṣé orí dídán ni ẹṣin máa dúró lé?”

Ìyàwó fi ọwọ́ bo ẹ̀rín, ó sì ká rọ́bà náà fúnra rẹ̀. Òórùn gba gbogbo ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ki kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ pákó ilẹ̀ tírélà tó wà lábẹ́ rọ́bà. Ó wọlé bí ẹni ki ìka bọ ọṣẹ rírọ̀.

“Ìtọ̀ màlúù ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, omi tó ò ń dà sí i ló parí ẹ̀. Rọ́bà ò jẹ́ kó gbẹ. Bí pákó yìí bá já lórí eré, orí títì lẹsẹ̀ Ẹ̀fúùfù máa bọ́ sí, ìwọ tó ń wakọ̀ níwájú ò sì ní mọ̀.”

Afínjú lọ pe káfíńtà.

Wọ́n hú gbogbo pákó náà, wọ́n kan tuntun tó le, wọ́n fi àyè díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ kí omi lè máa jò lọ. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n fi pákó dí àlàfo ẹ̀gbẹ́ tí pátákò ẹṣin lè há sí, kí wọ́n rẹ́ irin tó yọ ṣóńṣó, kí wọ́n sì wo òrùlé, torí ẹṣin a máa gbé orí sókè ju màlúù lọ. Abẹ́ tírélà ni Afínjú dùbúlẹ̀ sí tó ń di pákó mú, ẹrẹ̀ bo ẹ̀wù rẹ̀. Kò tilẹ̀ bèèrè ẹni tó ń wo òun.

Nígbà tí wọ́n ń gbé Ẹ̀fúùfù lọ síbi eré, ó rọra wakọ̀ débi pé oníkẹ̀kẹ́ kan yà á sílẹ̀, ó sì bú u. Ẹ̀fúùfù sọ̀ kalẹ̀, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Nígbà tí eré parí, ó ti fi ìwọ̀n ọrùn kan ṣíwájú gbogbo ẹṣin yòókù, ìyàwó Afínjú na ọwọ́ méjèèjì sókè lórí rẹ̀. Ẹni tó bá wá kí ọkọ kú oríire, inú tírélà ló kọ́kọ́ ń mú un lọ, kó wá wo pákó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi tírélà màlúù gbé ẹṣin, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ká rọ́bà, kí ẹ gún pákó wò lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ dí àlàfo, ẹ wo òrùlé, ẹ má kó ẹṣin pọ̀ mọ́ màlúù, ẹ sì rọra sáré níbi kọ́nà. Ẹṣin ò lè yẹ ilẹ̀ tírélà wò kó tó wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin lẹ máa bá a yẹ̀ ẹ́ wò.